Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìtàn Yíya Àwòrán Ojú-Ilẹ̀ àti Títún Un Ṣe

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro. Ẹni tí a ròyìn ọ̀ràn fún, bí ó ti wù kí aròyìn náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó, kò lè mọ ọ̀ràn náà tó ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí fọ́tò dé inú ayé, ó dà bí ẹni pé ó ti borí òwe náà. Àwọn ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá wo fọ́tò òkè kan ti fi ojú ba òkè náà. Pé ẹ̀rọ kò ní ẹnu tí yóò fi purọ́, kò sì ní ìbátan tí yóò tìtorí rẹ̀ ṣe ojúsàájú. Títí di òní, bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá lè mú fọ́tò jáde ni a sábà máa ń dá láre.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé fọ́tò kò fi ìgbà kankan jẹ́ àfojúbà. Ìròyìn ni. Ẹnì kan ni ó ròyìn, ẹnì kan ni ó yan ohun tí yóò sọ àti ohun tí yóò fi pamọ́. Ìtàn yíya àwòrán ojú-ilẹ̀ ni a ó fi gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Ohun tí a ń pè ní àwòrán ojú-ilẹ̀ ni àwòrán òkè, odò, igbó, pápá, etíkun àti òfurufú, nínú èyí tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ kókó, tí kì í ṣe ènìyàn. A yan irú àwòrán yìí nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní ẹ̀tàn nínú. Òkè kì í fa ojú ro níwájú kámẹ́rà, odò kì í sì í wọ aṣọ ọdún nítorí ayafọ́tò.

Ọ̀ràn náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá pé, kámẹ́rà ni mo máa ń gbé kọ́ èjìká, tí n ó sì jáde lọ wo ilẹ̀. Iṣẹ́ ìgbafẹ́ lásán ni; n kò tà á, n kò sì fi gba oyè. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo ya àwòrán òkè kan ní agbègbè Èkìtì ní ìdájí, nígbà tí kùrukùru ṣì wà ní ìdí òkè náà. Àwòrán náà dára. Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí sí i: òpó iná mẹ́ta tí wáyà wọn la òfurufú já. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo pa òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo tẹ àwòrán náà sórí ìwé, mo gbé e kọ́ ara ògiri kíláàsì, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ asàpèjúwe lé e lórí.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ ọmọ abúlé tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà. Òun kò kọ nǹkan kan. Ó dìde, ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, òpó iná wa dà?’ Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo yọ wọ́n kúrò kí àwòrán náà lè wuyì. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará abúlé àwọn fi dá owó kí òpó náà tó dé ibẹ̀, àti pé bàbá òun wà lára àwọn tí ó gbẹ́ ihò tí a rì wọ́n mọ́. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí èsì fọ̀ sí lójú ẹsẹ̀: ‘Sà, bí àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí bá wo àwòrán yìí, ṣé wọn kò ní sọ pé inú òkùnkùn ni a ń gbé?’

Ìbéèrè yìí ni ó lé mi wọ inú ìtàn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ni ó kọ́ wa ní irú ìwà yìí, tàbí ó ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Fèrèsé kan ní ilẹ̀ Faransé

Joseph Nicéphore Niépce ni orúkọ ẹni tí ó ya fọ́tò tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú àwọn tí a fi kámẹ́rà yà tí ó ṣì wà títí di òní. Ní ọdún 1826 tàbí 1827, ó gbé kámẹ́rà sí ojú fèrèsé òkè ilé rẹ̀ ní abúlé Saint-Loup-de-Varennes ní ilẹ̀ Faransé. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ni ó fi sínú rẹ̀, tí ó ti fi irú ọ̀dà kan pa lára. Ọ̀dà yìí a máa gan níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé, a lè fi òróró fọ̀ ọ́ kúrò. Ohun tí ó hàn lórí àwo náà ni òrùlé, ògiri ilé, igi kan àti òfurufú. Èyí fi hàn pé àwòrán ojú-ilẹ̀ ni fọ́tò tí ó ṣáájú gbogbo èyí tí ó kù.

Bí a bá wo àwòrán náà dáadáa, a ó rí ohun ìyanu kan. Oòrùn tan sí ògiri ti ọwọ́ ọ̀tún, ó sì tan sí ti ọwọ́ òsì pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ ni pé kámẹ́rà náà kò ṣíjú kúrò ní ibẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Àwọn kan ní wákàtí mẹ́jọ ni; àwọn onímọ̀ mìíràn ní yóò tó ọjọ́ mélòó kan. Oòrùn àárọ̀ àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ pàdé lórí àwo kan ṣoṣo. Kò sí ọmọ adáríhurun tí ó fi ojú rí ilé náà bẹ́ẹ̀ rí, nítorí oòrùn kì í wà ní ìlà-oòrùn kí ó tún wà ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àwo yìí ti sọnù fún ọdún púpọ̀ kí Helmut Gernsheim tó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1952. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ ti ṣá gan-an. Nígbà tí a ya ẹ̀dà rẹ̀, Gernsheim mú búrọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀, ó tún ẹ̀dà náà ṣe kí ojú lè rí i. Ẹ̀dà tí a tún ṣe yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn. Yunifásítì Texas ní ìlú Austin ni àwo náà fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ohun tí òun rí nínú ìwé yàtọ̀ sí i.

Ní ọdún 1838, Louis Daguerre ya òpópónà kan ní Paris, èyí tí a ń pè ní Boulevard du Temple. Òpópónà tí ẹsẹ̀ kì í dá ni, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Síbẹ̀, nínú àwòrán náà, ó pa rọ́rọ́ bí ìlú tí ogun kó. Kámẹ́rà ìgbà náà kò lè rí ohun tí ń rìn; ìṣẹ́jú púpọ̀ ni ó fi ń wo nǹkan kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó hàn ketekete, nítorí pé ó dúró kí a bá òun nu bàtà. Daguerre kò pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni ó pa ọjà àti èrò rẹ́ fúnra rẹ̀.

Òkun méjì, òfurufú kan

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìṣòro kan ń bá gbogbo ayafọ́tò ojú-ilẹ̀ fínra. Oògùn tí wọ́n fi ń pa gíláàsì lára a máa tètè gba àwọ̀ búlúù, a sì máa lọ́ra láti gba àwọ̀ ewé àti ti erùpẹ̀. Bí ayafọ́tò bá dúró pẹ́ tó kí ilẹ̀ lè hàn, òfurufú yóò ti gba ìmọ́lẹ̀ jù, yóò funfun bí aṣọ àlà, kò ní sí ẹyọ àwọsánmà kan lórí rẹ̀. Bí ó bá sì yára nítorí òfurufú, ilẹ̀ yóò dúdú bí ìdí ìkòkò.

Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọgbọ́n dá sí i. Láàárín ọdún 1856 sí 1857, ó ya àwòrán òkun lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn sì ni ti ìgbì ńlá tí ó yà ní Sète. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ya omi òkun sórí gíláàsì kan, ó ya òfurufú sórí òmíràn, ó wá tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo. Ojú ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé ni ó fi ṣe ojú ìrán, kí ẹnikẹ́ni má baà rí oríkèé rẹ̀. Nígbà mìíràn, òfurufú kan náà ni ó lò lókè òkun tí ó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ènìyàn yìn ín gidigidi, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó tíì mú òkun àti àwọsánmà pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ọkàn, nítorí pé a ó padà sí i. Ohun tí Le Gray gba ìyìn fún ní nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn ni ohun tí a ń bá àwọn ọ̀dọ́ òde òní wí fún, tí a ní kọ̀ǹpútà ni ó kọ́ wọn.

Àfonífojì tí a ní kò sí ènìyàn

Ìtàn Carleton Watkins ni yóò fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ní ọdún 1861, Watkins wọ àfonífojì Yosemite ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Kámẹ́rà rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì kọ̀ọ̀kan tí ó ń lò fi jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 18 ní ìbú àti íǹṣì 22 ní gígùn. Àwọn ìbaaka ni ó ru ẹrù rẹ̀ gba ojú ọ̀nà òkè. Ní ibi tí ó bá dúró sí ni yóò ti po oògùn rẹ̀ nínú àgọ́ tí ó ṣókùnkùn, nítorí pé gíláàsì náà kò gbọdọ̀ gbẹ kí iṣẹ́ orí rẹ̀ tó parí. Àwòrán ńláńlá ọgbọ̀n ni ó gbé jáde nínú ìrìn-àjò náà. Wọ́n mọ́ ketekete, wọ́n sì dákẹ́ rọ́rọ́: òkè olókùúta gíga, omi tí ń já wálẹ̀ láti òkè, igi ràbàtà ràbàtà.

Àwọn àwòrán yìí dé etí ìlú àti ọwọ́ àwọn aṣòfin. Wọ́n wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fẹ́ dáàbò bo ibẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ọdún 1864, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Abraham Lincoln fi ọwọ́ sí òfin tí ó ní kí a fi àfonífojì náà sílẹ̀ fún ìgbádùn gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di ohun ìní tirẹ̀. Ohun rere ni èyí. Àwòrán kò sábà ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀? Àwọn ènìyàn kan tí a ń pè ní Ahwahneechee ni ó ń gbé inú àfonífojì náà. Ní ọdún 1851, ọdún mẹ́wàá péré kí Watkins tó gbé kámẹ́rà rẹ̀ débẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan láti Mariposa wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n sun àká oúnjẹ wọn, wọ́n sì lé wọn jáde. Díẹ̀ nínú wọn padà wá lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá wo àwọn àwòrán ńláńlá wọ̀nyẹn kò lè mọ̀ rárá pé ẹnikẹ́ni gbé ibẹ̀ rí. Ó dà bí ilẹ̀ tí Elédùmarè ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní àná, tí ó ń dúró de olùbẹ̀wò àkọ́kọ́.

Watkins kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lára gíláàsì rẹ̀. Ibi tí ó kọjú kámẹ́rà sí ni ó yàn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ibòmíràn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àyọkúrò kò dúró de ìgbà tí a bá ya àwòrán tán. Kí a tó tẹ bọ́tìnnì ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ansel Adams nínú yàrá òkùnkùn

Ní ọdún 1888, George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde. Dọ́là 25 ni owó rẹ̀, àwòrán 100 sì wà nínú fíìmù rẹ̀. Bí ẹni tí ó rà á bá ti yà á tán, yóò dá odindi kámẹ́rà náà padà sí ilé-iṣẹ́, wọn yóò bá a fọ fọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni yíya àwòrán ti kúrò ní iṣẹ́ akọṣẹ́mọṣẹ́ nìkan, tí ó di ìgbafẹ́ fún akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò. Ọ̀kan nínú àwọn tí irú kámẹ́rà kékeré bẹ́ẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ ní ọmọdé ni Ansel Adams, tí a bí ní San Francisco ní ọdún 1902. Dùùrù ni ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe. Yosemite kan náà tí Watkins yà ni ó gbà á lọ́wọ́ dùùrù.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1927, Adams dúró níwájú òkè Half Dome pẹ̀lú gíláàsì díẹ̀ tí ó kù ú kù. Ó fi awò aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà, ó yà á. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó mọ̀ pé òfurufú yóò mọ́ jù, pé ẹ̀rù tí òkè náà dá ba òun kò ní hàn. Ó wá fi awò pupa rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó dí ìmọ́lẹ̀ búlúù lọ́nà. Òfurufú dúdú kirikiri, òkè sì yọ gàgàrà níwájú rẹ̀. Adams sọ gbangba pé kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí ni òun yà, bí kò ṣe bí ó ṣe rí lára òun.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1941, ó ya òṣùpá tí ó yọ lókè abúlé Hernandez ní New Mexico, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sára àwọn àgbélébùú itẹ́ òkú. Fíìmù tí ó yà á sí, ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà tí ó tẹ̀ jáde láti ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ogójì ọdún. Àwọn ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ ní àwọsánmà lójú ọ̀run. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń mú ọ̀run náà dúdú sí i, títí tí púpọ̀ nínú àwọsánmà náà fi pòórá. Nínú yàrá òkùnkùn ni ó ti ń ṣe é: yóò fi ọwọ́ tàbí pátákó dí ìmọ́lẹ̀ níbi tí ó bá fẹ́ kí ó mọ́, yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ kún ibi tí ó bá fẹ́ kí ó dúdú. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi nẹ́gátíìfù wé ìwé orin tí a kọ sílẹ̀, a sì máa fi ẹ̀dà tí a tẹ̀ wé orin tí a kọ jáde lẹ́nu. Àwa tí a mọ ewì alohùn mọ ohun tí ó ń sọ. Bí akéwì méjì bá sun rárà kan náà, kò lè dọ́gba. Bí akéwì kan náà bá tún un sun ní ọjọ́ kejì, yóò yàtọ̀ díẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1944, Adams ya òwúrọ̀ ìgbà òtútù kan ní Lone Pine ní California, níbi tí oòrùn ti mọ́ sára àwọn òkè oníyìnyín, tí ẹṣin kan ń jẹko nínú pápá nísàlẹ̀. Lára òkè kan níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga ìlú náà ti fi ẹfun kọ lẹ́tà méjì, L àti P, orúkọ ìlú wọn. Adams rí i bí àbùkù. Ó pa lẹ́tà méjèèjì rẹ́ lára nẹ́gátíìfù, ó sì mú ohun tí ó kù kúrò lára àwọn ẹ̀dà. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1983, ó jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe, ó ní àwọn kan ti bá òun wí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò kábàámọ̀.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, mo pa ìwé dé. Òpó iná mẹ́ta ni mo rántí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lone Pine gun òkè pẹ̀lú garawa ẹfun lọ́wọ́, wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn kí ayé lè kà á. Ayé kò kà á nínú àwòrán tí ó sọ òkè wọn di olókìkí.

Láti yàrá òkùnkùn dé orí kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1957, Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ka fọ́tò kan wọ inú kọ̀ǹpútà. Àwòrán ọmọ Kirsch, ìkókó oṣù mẹ́ta, ni. Wọ́n gé e sí ẹyọ àmì kéékèèké 176 ní ìbú àti 176 ní òró. Irú ẹyọ àmì bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní píksẹ́lì. Láti ọjọ́ náà ni àwòrán ti di òǹkà: ohun tí a bá sì ti lè kà, a lè rò ó pọ̀, a lè yọ ọ́ kúrò. Ní ọdún 1975, Steven Sasson ní ilé-iṣẹ́ Kodak ṣe kámẹ́rà kan tí kò lo fíìmù. Píksẹ́lì 10,000 péré ni àwòrán rẹ̀ ní, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì gbà á láti kọ àwòrán kan sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì.

Kò pẹ́ tí àwòrán ojú-ilẹ̀ fi dá wàhálà sílẹ̀. Nínú oṣù Kejì ọdún 1982, ìwé ìròyìn National Geographic gbé àwòrán àwọn píráḿìdì Giza ní ilẹ̀ Íjíbítì sí ojú ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán náà gbòòrò, ṣùgbọ́n ojú ìwé náà tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà sún píráḿìdì kan mọ́ èkejì kí méjèèjì lè gbà. Ohun tí a kọ́ tí kò mira fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún ó lé ni wọ́n sún láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta, àwọn òǹkàwé bínú. Kì í ṣe pé àwòrán náà burú ni ó dùn wọ́n. Ìwé tí ó ti ṣèlérí láti fi ayé hàn wọ́n bí ó ti rí ni ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1987, Thomas Knoll, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó lè fi àwòrán hàn. John, àbúrò rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwòrán tí wọ́n fi ń dán an wò fún àwọn ènìyàn ni èyí tí John yà ní etíkun Bora Bora, nínú èyí tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó sórí yanrìn tí ó kọjú sí òkun àti òkè. Ètò yìí ni Adobe gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 1990 ní orúkọ Photoshop. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀ tí a fi ń mú ibi kan mọ́ tàbí mú un dúdú jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú yàrá òkùnkùn. Ọmọ kì í jọ ẹlòmíràn bí kò ṣe ẹni tí ó bí i.

Ní ọdún 1996, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pè é ní GIMP. Òun ni èmi náà fi kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ó sì di ọdún 2020, Photoshop ní irinṣẹ́ kan tí ó lè yọ òfurufú kúrò nínú àwòrán, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Iṣẹ́ Le Gray ní Sète ni, ohun tí ó gba Le Gray ní òógùn ni ẹ̀rọ wá ń ṣe bí ẹní fẹ́ atẹ́gùn. Láti ọdún 2023, ẹni tí ó bá fẹ́ òkè tàbí odò níbi tí kò sí lè kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yóò sì yà á sí i.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2012 tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ìdíje ńlá kan wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń ya àwòrán ojú-ilẹ̀. Ẹni tí ó gba ipò kìíní ní ọdún náà ya àwọn ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ní Lindisfarne. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde rẹ̀, a rí i pé ó fi àwọsánmà tí kò sí níbẹ̀ kún àwòrán náà. Òfin ẹ̀ka tí ó ti díje kò fàyè gba èyí. Wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọsánmà ni ó mú ìyìn wá fún Le Gray. Àwọsánmà kan náà ni ó mú ìtìjú bá ti 2012. Kí ni ó yàtọ̀? Ìlérí ni. Ẹnikẹ́ni kò bá Le Gray ṣe àdéhùn pé kí ó má fi nǹkan kún iṣẹ́ rẹ̀. Ti 2012 ti wọ inú àdéhùn.

Ohun tí àwọn ayafọ́tò wa ti mọ̀

Kí a má baà rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ jẹ́ kí a yà bàrá sí ilẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò ènìyàn ni a ó bá pàdé níbẹ̀, kì í ṣe ti ilẹ̀. Stephen Sprague, ayafọ́tò àti onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayafọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn òbí ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya wọ́n pọ̀, ayafọ́tò yóò ya èyí tí ó wà láàyè, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó tì ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọn yóò wọ ọmọ tí ó kù ní aṣọ ọkùnrin, wọn yóò yà á. Wọn yóò tún wọ̀ ọ́ ní aṣọ obìnrin, wọn yóò tún yà á.

Ọgbọ́n Le Gray gan-an ni èyí: nẹ́gátíìfù méjì, ìwé kan. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe ayafọ́tò Ìlá ní òpùrọ́. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, ará ilé mọ̀. Àwòrán náà kò sọ pé ọmọ náà kò kú. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìbejì kì í dá wà. A lè rí i níhìn-ín pé títún àwòrán ṣe kọ́ ni ẹ̀tàn. Ibi tí ẹ̀tàn ti ń wọlé ni ibi tí ẹni tí ń wò ó kò ti mọ ohun tí ẹni tí ó ṣe é mọ̀.

Bí a ṣe lè ka àwòrán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbára dì fún ìdánwò mọ̀ pé bí a bá gbọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu, a kì í gbé e mì bẹ́ẹ̀. A máa ń béèrè ẹni tí ó sọ ọ́, ìdílé tí ó ti wá, àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún. Ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí a bi àwòrán. Èkíní, ta ni ó yà á, ta ni ó sì yà á fún? Èkejì, kí ni ó wà ní ìta etí àwòrán náà, tí kámẹ́rà kọ ẹ̀yìn sí? Ẹ̀kẹta, kí ni a fi kún un, kí ni a yọ kúrò, ti ta sì ni ohun tí a yọ? Ẹ̀kẹrin, kí ni ẹni tí ó fi í hàn wá wí pé ó jẹ́: ẹ̀rí ni, tàbí iṣẹ́ ọnà?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tún àwòrán ṣe mọ́. Kámẹ́rà kò rí nǹkan bí ojú ti ń rí i. Ojú wa lè wo òfurufú tí ó mọ́ kí ó sì wo ìdí òkè tí ó ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà a máa pàdánù ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mú ìdí òkè mọ́ díẹ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà lè jẹ́ pé ohun tí ó rí gan-an ni ó ń dá padà. Ṣùgbọ́n dídá ìmọ́lẹ̀ padà yàtọ̀ sí kíkó ohun olóhun lọ.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé kọ̀ǹpútà kọ́ ni ó dá àyídà àwòrán sílẹ̀. Fọ́tò Niépce ti ní oòrùn méjì kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Le Gray rán òfurufú mọ́ òkun. Watkins fi àfonífojì hàn láìfi onílẹ̀ hàn. Adams pa orúkọ ìlú rẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ó mú kí ohun tí ó gba ọgbọ́n àti àkókò rọrùn fún gbogbo wa, títí kan olùkọ́ tí ó ń gbafẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá rọrùn, ìrònú ni ó yẹ kí ó pọ̀ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ìbéèrè ọmọ náà, mo tẹ àwòrán òkè tí òpó iná wà nínú rẹ̀. Mo gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ èkíní, mo kọ ohun tí mo ṣe sí abẹ́ èkíní: pé èmi ni mo yọ òpó mẹ́ta kúrò, ọjọ́ tí mo yọ wọ́n, àti ìdí rẹ̀. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo méjèèjì, kí wọ́n sì kọ àròkọ wọn. Ọ̀pọ̀ kọ̀wé lórí kùrukùru àti oòrùn. Ọmọ abúlé náà kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí òpó iná: bí wọ́n ṣe kó òkúta kúrò nínú ihò, orin tí wọ́n kọ nígbà tí òpó kejì gbérí, àti alẹ́ àkọ́kọ́ tí gílóòbù tàn ní ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Àwòrán mi kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Òun ni ó fi ojú bà á.